Ọgbọ̀n Ojú tí Má-Rẹ́rìn-ín Kó Jọ fún Ìlú

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ ká ẹsẹ̀ yín kò kí ẹnikẹ́ni má bàa tẹ̀ ẹ́, kí n sọ ìtàn ẹnì kan fún yín. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé tí a máa ń jókòó sábẹ́ òṣùpá, ìjàpá ló máa ń wà nínú ìtàn wa. Bó bá ti yọrí báyìí, a ti mọ̀ pé ìtìjú ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ìtàn tèmi yìí kò ní ìjàpá nínú. Ọkọ ọmọ mi ló wà nínú ẹ̀. Ẹ má ṣèyọnu, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀.

Má-Rẹ́rìn-ín ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́, ó ku èmi àti ìyàwó ẹ̀ tó rántí ẹ̀, èmi náà sì ti ń gbàgbé. Ayàwòrán ni. Ẹ̀gbẹ́ géètì ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe káàdì ìdánimọ̀ ló ń jókòó sí, òun àti àpótí ìjókòó kan, kámẹ́rà kan, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń pọ fọ́tò jáde, àti aṣọ funfun kan. Ẹni tó bá fẹ́ gba káàdì gbọ́dọ̀ mú pásípọ́ọ̀tù méjì dání, àwọn fọ́tò pẹ́ńpẹ́ yẹn tí àtàǹpàkò lè bò mọ́lẹ̀: kí ẹ̀yìn ẹ̀ funfun, kí etí méjèèjì hàn, kí ẹnu pa dé. Òun ló ń yà á. "Gbójú sókè. Mú etí síta. Má rẹ́rìn-ín." Láti àárọ̀ títí wọ́n fi ń ti géètì, kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu. Ó ti ń sọ ọ́ láti ọdún mẹ́rìndínlógún, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn bí èèmọ́.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó ń ya ìgbéyàwó ló ti kọ́ṣẹ́. Ọlọ́yàyà ni ọ̀gá yẹn. Tó bá gbé kámẹ́rà sókè, ẹni tí eyín ń dùn pàápàá á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bọ́ sọ́wọ́ ọkọ ọmọ mi, ẹ̀rín ẹ̀ tán nìyẹn. N kò mọ ohun tó wà nínú wíwò ẹ̀. Bó bá ti di ojú kan, tó fi èkejì wo èèyàn láti inú kámẹ́rà, ńṣe ni onítọ̀hún á bẹ̀rẹ̀ sí í rántí àwọn ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ó ya ìyàwó kan lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyá ìyàwó gba fọ́tò náà wò, ó ní, "Ta ló kú?" Ọ̀gá ẹ̀ pè é lọ sẹ́yìnkùlé, ó ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ yìí kò bá ọ lára mu. O ò ṣe lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kan pósí?"

Ìtìjú yẹn ló gbé e dé ẹ̀gbẹ́ géètì. Ó débẹ̀, ó rí i pé ìjọba kò fẹ́ ẹ̀rín. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ lé e kúrò níbì kan ni wọ́n ń wá lójú méjèèjì níbòmíràn. Ẹni tí kò lè mú èèyàn rẹ́rìn-ín, kó kúkú máa bá ìjọba ṣiṣẹ́.

Ibẹ̀ náà ló ti rí ọmọ mi. Ọmọ mi lọ ya pásípọ́ọ̀tù, ó bá a tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ aṣọ funfun tó so mọ́ irin ọgbà, tí aṣọ ń bo àwọn èèyàn lórí bí ẹni tó fẹ́ jí wọn gbé. Ọmọ mi kì í rí ohun tí kò tò kó má tò ó. Ó dìde lórí àpótí, ó di aṣọ mú fún ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ lórí ìlà, ó tún dì í mú fún ẹni tó tẹ̀lé onítọ̀hún. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ló fi dì í mú. Á nà án sẹ́yìn àpótí, ọwọ́ méjèèjì lókè bí ẹni tí ọlọ́pàá ní kó má mira, òun fúnra ẹ̀ á wà lẹ́yìn aṣọ, ẹnikẹ́ni kì í rí i. Ìka ẹ̀ nìkan ló máa ń yọ, mẹ́rin níhìn-ín, mẹ́rin lọ́hùn-ún. Ọkọ ẹ̀ á sì fi àlùmọ́gàjí gé ìka náà dànù kó tó fún olówó ní fọ́tò ẹ̀.

Káàdì tó torí ẹ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́? Kò rí i gbà. Èmi sì ni ìdí ẹ̀. Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà tí a fi wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá láti orílẹ̀-èdè kejì wá síbí. N kò tíì hu eyín nígbà náà. Ibí ni mo ti hu eyín mi, ibí náà ni wọ́n ti ká tán. Yàrá kan nílé alágbẹ̀dẹ tó wà ní ìkòríta ni mo bí ọmọ mi sí, yàrá náà ṣì wà, fèrèsé ẹ̀ ṣì ń dún kíì bí wọ́n bá ṣí i. Akọ̀wé ọ́fíìsì ní kó mú ìwé tó fi hàn pé ará ibí ni ìyá ẹ̀ wá. Ìwé wo? Èmi tí ìwé kò mọ̀ mí, tí n kò mọ̀wé! Ó ní bí kò bá sí, kó mú lẹ́tà ẹ̀rí tí káńsù lu òǹtẹ̀ lé wá. Ó dé káńsù, káńsù ní àwọn kì í kọ lẹ́tà fún ẹni tí kò ní káàdì. Wọ́n ní kí adìyẹ lọ yé ẹyin tí wọ́n ti pa òun fúnra ẹ̀.

Ǹ bá ti fi wọ́n rẹ́rìn-ín kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni ọmọ yìí ti fẹ́ ṣe agbẹ̀bí. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí gbà á. Wọ́n ní kó mú káàdì wá kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí, tàbí ó kéré tán kó mú ìwé pélébé tí wọ́n máa ń fún èèyàn pé káàdì ẹ̀ ń bọ̀. Wọ́n ní tí ọdún yìí bá fi lè kọjá, ọjọ́ orí ẹ̀ ti ré kọjá èyí tí àwọn ń gbà. Oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀ ló kù. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn kí àwọn tó ń wá ojú tó dé.

Obìnrin kan ló wá láti iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àṣà. Awò ojú ẹ̀ tóbi tó fèrèsé ọkọ̀, Ìyáàfin Awò ni mo sọ ọ́. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, ó ní àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àwòrán kan. Ó ní, "A fẹ́ mọ ẹni tí a jẹ́. Ta ni ọmọ ilẹ̀ yìí? Báwo ni ojú ẹ̀ ṣe rí?" Ẹ gbọ́ o, àgbàlagbà tó wẹ̀, tó jẹun, tó wọ bàtà jáde nílé láti wá bi wá pé ta ni òun. Lọ́dọ̀ tiwa, bí èèyàn bá béèrè irú ìbéèrè yẹn, omi tútù la máa ń dà lé e lórí, tí a ó sì ní kó lọ sùn.

Ọgbọ̀n ojú ló ní àwọn ń fẹ́, ojú kan lójúmọ́. Wọ́n á sọ wọ́n di ńlá, wọ́n á gbé wọn kọ́ sí gbọ̀ngán ìlú. Olúkúlùkù ẹni tí wọ́n bá gbé kọ́, ayàwòrán á kọ lẹ́tà ẹ̀rí fún un pé òun mọ̀ ọ́n sí ọmọ ilẹ̀ yìí, káńsù á sì lu òǹtẹ̀ lé e. Bí iṣẹ́ bá dára, ayàwòrán á gba yàrá kan nísàlẹ̀ gbọ̀ngán, á fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó mú ọkọ ọmọ mi gbọ̀n nìyẹn, nítorí káńsù ti ní kí gbogbo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà palẹ̀ mọ́, àwọn fẹ́ gbin òdòdó síbẹ̀. Obìnrin náà ní òun gbọ́ pé kò sí ojú tí kò tíì yà nílùú. Ọkọ ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ojú gbogbo wọn wà lọ́wọ́ mi, mà."

Ọmọ mi wà lẹ́yìn aṣọ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Ó gbọ́ "lẹ́tà ẹ̀rí". Ó gbọ́ "òǹtẹ̀". Mo jókòó sójú kan tí mo ti ń wò ó, mo rí i tí aṣọ náà gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ kò fẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkọ ọmọ mi mú ìwé kan jókòó sídìí tábìlì, ó fi bírò há etí, ó ń kọ orúkọ. Èmi ń rán bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ tó já. Ọmọ mi dúró sí ẹ̀yìn àga ẹ̀, ó fi ìka tẹ̀lé orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó ní, "Olówó-orí mi, mo ti kà á dé ìsàlẹ̀, mi ò rí ara mi."

"Mi ò tíì parí ẹ̀."

"Ọgbọ̀n ti pé. Mo kà á."

Ó yọ bírò létí, ó tún fi há a padà. "Ṣé o rí i, nǹkan ìlú lèyí. Ojú ọmọ ilẹ̀ gidi ni wọ́n ń wá. Tí mo bá fi ìwọ sí i, wọ́n á ní mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ará òde wọlé. Wọ́n á ní, ìyá ẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní, "Ìyá ẹ̀ rèé. Bọ́tìnì rẹ ló ń rán."

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ má bínú, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí."

"Ta lò ń bá wí? Ṣé ìyá méjì ló bí i ni?"

Ó yíjú sí ìyàwó ẹ̀. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba yàrá yẹn. Wọ́n ní wọ́n á tún ṣe òmíràn tó bá yá. Mo máa fi ẹ́ ṣe ẹni àkọ́kọ́."

"Lọ́dún wo?"

"Tó bá yá."

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ń dúró kí ọmọ mi da tábìlì yẹn dé. Kò dà á dé. Ó ní, "Kò burú." Ẹ̀yin ọkùnrin tó bá wà níbí, ẹ máa bẹ̀rù obìnrin tó bá ní kò burú.

Ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọkọ ọmọ mi lọ wá fìlà kan dé, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àwo tí omi inú ẹ̀ fẹ́ dànù. Ó ní fìlà àwọn ayàwòrán ńlá nìyẹn. Ẹni tó kọ́kọ́ mú ni bábà tó ń gẹrun lódìkejì ọ̀nà. Mo mọ bábà yìí. Bàbá bàbá ẹ̀ àti ìyá mi, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wọ̀ sọdá, ìyá mi ló tún bá a di ẹrù ẹ̀ mú kó má bọ́ sómi. Ṣùgbọ́n bàbá bábà gba káàdì nígbà tí wọ́n ṣì ń fún ẹnikẹ́ni tó bá ti lè tò sórí ìlà, bábà wá di ọmọ onílẹ̀. Omi kan náà, ọkọ̀ kan náà. Àwọn kan ti gúnlẹ̀, àwọn kan ṣì ń lúwẹ̀ẹ́.

Ìyá onílé kan náà wá. Ó ní tí wọ́n bá ya bábà, kí wọ́n má ya òun, nítorí òun kò lè bá irú wọn wà lógiri kan náà. Lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán ló jókòó, tó mú etí síta. Sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì wá pẹ̀lú àwọn àmì ẹ̀yẹ ẹ̀, ó ní kí fọ́tò gbà wọ́n dé ìdodo. Báyìí báyìí ni wọ́n ń wá tí wọ́n ń bínú síra wọn. Ẹni tó bá bínú jù lọ, òun ni wọ́n ń gbà pé ó ni ilẹ̀.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ ọkọ ọmọ mi tí mo gbọ́dọ̀ là yé yín. Láràárọ̀, kó tó pe ẹnikẹ́ni jókòó, ó ní láti wo bí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ náà ṣe ń bọ́ sójú èèyàn. Ìyàwó ẹ̀ ló máa ń jókòó fún un. Kò ní í ta aṣọ, irin ọgbà àti àwọn tó ti ń tò sórí ìlà ló máa wà lẹ́yìn ẹ̀. Á tẹ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan, á wo ìmọ́lẹ̀, kò ní í wo ojú, á ní, "Dìde." Ọdún mẹ́rìnlá, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe. Kò ka ìyẹn kún fọ́tò. Kì í tilẹ̀ sọ fún un pé kó má rẹ́rìn-ín. Ta ló ń gbójú àtùpà sókè?

Nínú oṣù yẹn, ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn láti orí àpótí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó jókòó, ó tẹ́ ìró ẹ̀, ó ní, "Ará òde ti jókòó o. Ọmọ onílẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́." Ó tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó yán sí i lójú títí eyín ẹ̀ tó wà lẹ́yìn pátápátá fi hàn. Lọ́jọ́ tí fìlà yẹn bọ́ sínú gọ́tà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ọjọ́ mìíràn, ó na ìka mẹ́wàá sókè, ó tún na méje: mẹ́tàdínlógún. Iye ọjọ́ tó kù kí ìforúkọsílẹ̀ parí ni. Ọkọ ẹ̀ ní, "Gbé ọwọ́ yẹn wálẹ̀, ó ń dí ìmọ́lẹ̀." Ọjọ́ kan tún wà. Ó kàn wò ó ni. Èmi tí mo bí i, mo gbójú kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà á dìde, á lọ sẹ́yìn aṣọ, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè fún ọmọ onílẹ̀ tó kàn. Mo bi í pé kí ló ń dì í mú fún. Ó ní, "Ìyá mi, tí mo bá fi sílẹ̀, wọ́n á ní ará òde ló ba iṣẹ́ ìlú jẹ́."

Ọgbọ̀n ọjọ́ pé. Ó ku ọ̀la kí ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí ti ìwé. Gbogbo wa kó lọ sí gbọ̀ngán ìlú, inú ọgbà kan náà ni gbọ̀ngán àti ọ́fíìsì káàdì wà, ẹ ò ní í rìn ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n yà ti wọ aṣọ tó dáa, wọ́n jókòó lórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń retí lẹ́tà wọn. Èmi àti ọmọ mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, òun ló ru àpótí, tó sì fi aṣọ funfun kọ́ apá. Ìyáàfin Awò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó so kámẹ́rà mọ́ ọn, ojú àwọn èèyàn tí ọkọ ọmọ mi ti ṣà sọ́tọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ gàgàrà lára ògiri.

Ó wo ti àkọ́kọ́. Ó wo èkejì. Ó wo ìkẹwàá. Ó bọ́ awò, ó nù ún, ó tún wò.

Ó ní, "Kí ló ṣe gbogbo wọn?"

"Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, mà."

"Ọgbọ̀n èèyàn! Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tí inú ẹ̀ dùn pé òun wà láyé? Ara ògiri àgọ́ ọlọ́pàá ni mo ti máa ń rí irú èyí."

Bábà na ọwọ́ láti orí bẹ́ńṣì. "Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú wọn lèmi?"

Ìyá onílé ní, "Èyí tó ti kọjá yẹn kọ́?"

"Ìyẹn kọ́. Ìyẹn ni ẹ̀yin, Ìyá."

Ọkọ ọmọ mi làágùn títí fìlà ẹ̀ fi rin. Ó ní, "Ojú ọmọ ilẹ̀ gidi nìyẹn, mà. Ojú tí ìjọba ń gbà ni." Ẹ ò rí i pé òótọ́ ló sọ? Ó ti fi ọdún mẹ́rìndínlógún kọ́ ìlú kan bí wọ́n ṣe ń dijú mọ́rí, ìlú wá dé, ó ní òun ń wá ẹ̀rín.

Ìyáàfin Awò ká ẹsẹ̀ sábẹ́ tábìlì bí ẹni tó fẹ́ dìde. Ó tún kámẹ́rà tẹ̀ sẹ́yìn kọjá àwọn tí wọ́n ṣà, bóyá ó rò pé òun á rí èyí tó sàn. Ojú ọmọ mi ló yọ lára ògiri. Ojú tó ń yán.

"Ta nìyí?"

"Ẹ pa ìyẹn rẹ́, mà. Ìmọ́lẹ̀ ni mò ń wò."

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọmọ mi tó di ìhà mú. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọmọ mi tó na ìka. Ọ̀kan, èkejì, ìkẹta, ọgbọ̀n àárọ̀, ọgbọ̀n ojú, obìnrin kan ṣoṣo. Sójà gan-an gbójú sókè láìjẹ́ pé wọ́n ní kó gbé e.

"Mo ní ta nìyí?"

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọkọ ọmọ mi sọ. Obìnrin tó bí ọmọ mẹ́ta fún un. Obìnrin tí apá ẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlá. Ó ní, "Ẹni tó ń bá mi di aṣọ mú ni."

Mo ti la ẹnu. Ọmọ mi fún mi léékánná ní ìgbáròkó, mo pa á dé.

Ìyáàfin Awò kò tilẹ̀ yíjú sí i, ó ti dìde. Ó ń na ọwọ́ sí ògiri. "Èyí ni! Ẹ wo bó ṣe ń wo èèyàn! Ẹ wo ojú ẹni tó ni ilé!" N kò fẹ́ràn obìnrin yẹn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti gbà fún un. Àlejò kì í yọ ṣùtì sí onílé. Àlejò máa ń rẹ́rìn-ín ni, á ní oúnjẹ dùn, á ní ara ilé dáa. Ẹni tó bá lè yán sí ọ lójú ní àárọ̀ kùtù, ọmọ ilé ni.

Ó ní ojú yìí nìkan ni àwọn máa gbé kọ́, gbogbo ọgbọ̀n ẹ̀. Ó ní yàrá ìsàlẹ̀ ti di ti ayàwòrán. Ó ní kó kọ lẹ́tà ẹ̀rí obìnrin náà wéréwéré kí wọ́n lu òǹtẹ̀. Ẹ wá wo ọkọ ọmọ mi! Ojú ẹ̀ là bí ọ̀sán. Ó fa àga, ó fa bírò yọ, ó ti ń kọ ọ́. Ọmọ mi gbé àpótí kalẹ̀, ó lọ dúró sí iwájú tábìlì.

"Olówó-orí mi, kí lẹ̀ ń kọ?"

"Pé mo mọ̀ ẹ́ sí ọmọ ilẹ̀ yìí."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ẹ, kí ló dé?"

"Ó ní ohun tó dé. Oṣù tó kọjá, ará òde ni mí. Orí tábìlì mi lẹ ti sọ ọ́. Mo kàn fẹ́ mọ ọjọ́ tí mo sọdá, kí n lè máa rántí ẹ̀ lọ́dọọdún."

Bábà bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Bírò dúró sókè.

Ọmọ mi ní, "Ó tún ku ibì kan. Ẹ kọ ohun tí mo jẹ́ sí yín."

Ọkọ ẹ̀ wo Ìyáàfin Awò, ó wo òrùlé. Mo mọ ohun tó ń rò: yàrá yẹn ti wà lọ́wọ́ ẹ̀, bó bá la ẹnu, ó lè bọ́. Ó sọ nǹkan kan sínú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀.

Ìyáàfin Awò ní, "Mi ò gbọ́."

"Ìyàwó mi ni."

"Ẹ sọ ọ́ sókè."

"Mo ní ìyàwó mi ni, mà!" Ohùn tí olè fi ń jẹ́wọ́ ni.

Ìyáàfin Awò wò ó látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ń bá yín di aṣọ mú." Ó ti lẹ́tà náà sí i, ọkọ ọmọ mi kọ ọ́ tán, ọmọ mi gbà á, ó kà á sókè kí èmi tí n kò mọ̀wé lè gbọ́: pé òun mọ obìnrin yìí, ìyàwó òun, sí ọmọ ilẹ̀ yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Nígbà tó kà á tán ló tó gbà kí wọ́n gbé ojú òun kọ́. Wọ́n lu òǹtẹ̀ lé e, gbì. Kò dúpẹ́. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká lọ, wọ́n fẹ́ ti fèrèsé."

Ó tún ru àpótí, a sáré gba inú ọgbà kọjá. Ọkọ ẹ̀ gbé kámẹ́rà àti ẹ̀rọ kékeré tó ń pọ fọ́tò jáde tẹ̀lé wa, Ìyáàfin Awò náà tẹ̀lé wa, ó ní òun fẹ́ rí bó ṣe máa parí. Akọ̀wé tó wà lójú fèrèsé gba lẹ́tà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, díẹ̀ ló kù kó gbóòórùn ẹ̀.

"Pásípọ́ọ̀tù dà?"

Ọkọ ọmọ mi sáré pọ méjì jáde nínú àwọn tó wà nínú kámẹ́rà. Akọ̀wé wò wọ́n.

"Kí nìyí? Ẹnu ẹ̀ là. Irin ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Etí kan ṣoṣo ló hàn. Mi ò lè gba eléyìí."

Ìyáàfin Awò yọjú. "Ẹ gbọ́, èyí ni wọ́n máa gbé kọ́ sí gbọ̀ngán pé òun gan-an ni ojú ìlú!"

Akọ̀wé ní, "Kó lọ gba káàdì lọ́hùn-ún nígbà náà. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n ti fèrèsé."

Ọmọ mi kò bá a jà. Ó gbé àpótí kalẹ̀, ó jókòó, ó mú etí síta. Ọkọ ẹ̀ gbé kámẹ́rà sójú, ó tún gbé e sọ̀. Aṣọ funfun ń bẹ nílẹ̀, kò sí ẹni tó máa dì í mú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wá wò mí, ó tètè gbójú kúrò, nítorí ta ló ń rán ìyá ìyàwó ẹ̀ níṣẹ́ pé kó nawọ́ sókè? Mo jẹ́ kí ìtìjú ẹ̀ jinná dáadáa. Nígbà tó jinná, mo mú etí aṣọ kan, mo sọ etí kejì sọ́wọ́ Ìyáàfin Awò. Mo ní, "Ẹ dì í mú, Ìyáàfin. Ẹ gbé e sókè. Ẹ má jẹ́ kó wọ́ nílẹ̀." Apá ń ro mí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí ọmọ mi fi ọdún mẹ́rìnlá gbé.

Ọkọ ẹ̀ la ẹnu láti sọ èyí tó máa ń sọ.

Ọmọ mi ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó pọ̀ ọ́ jáde, ó gé ìka èmi àti ti Ìyáàfin Awò dànù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyàwó ẹ̀. Ọmọ mi gbé e lọ sójú fèrèsé. Akọ̀wé wo fọ́tò, ó wo ọmọ mi, ó wo fọ́tò. Ojú tó wà níbẹ̀, ẹ ò lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ti bábà. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé pélébé náà, ó lu òǹtẹ̀ lé e, ó tì í jáde gba abẹ́ irin fèrèsé, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ó ní, "Ẹni tó kàn!"